Ọkùnrin Tí Ó Ń Ṣí Ìpéǹpéjú Ìyàwó Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà, olùsìn ìgbín ni, tí alùpùpù gbá ìyàwó rẹ̀ lójú ọ̀nà oko. Wọ́n gbé obìnrin náà dé ọsibítù pẹ̀lú èémí, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tí ó gbé e. Dókítà sọ fún ọkọ pé ọpọlọ rẹ̀ wú, pé wíwú náà yóò máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí ó sinmi.

Ọkùnrin náà gbọ́, ó sì dúpẹ́. Kò pé wákàtí kan tí ó fi bẹ̀rẹ̀. Ó ń gbọn èjìká obìnrin náà, ó ń fi èékánná tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò gbé ìpéǹpéjú rẹ̀ sókè láti wò ó bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá lé e jáde, á gba ẹnu ọ̀nà kejì wọlé. Má rò pé òmùgọ̀ ni, Ìyá Abíọ́nà. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n ti jọ ń jẹun, kò sì mọ bí òun yóò ti máa dá jẹun.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó kó àwọn àgbà ilé wá kí wọ́n pè é padà, bí a ti máa ń pe ẹni tí ó dákú. Wọ́n yí bẹ́ẹ̀dì ká, wọ́n ń ké sí i létí: "Àwẹ̀ró, má lọ o. Àwẹ̀ró, yà padà." N kò bú àṣà wa. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣubú là ń pè bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹni tí orí rẹ̀ wú. Ara obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, èémí rẹ̀ ń yára, dókítà sì sáré wọlé. Ìka ọwọ́ rẹ̀ tí ó ti ń mira láti àná tún dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ọkọ wá ní ọsibítù yẹn ni kò mọṣẹ́. Ó bá awakọ̀ kan sọ ọ́ pé kí ó wá gbé ìyàwó òun lọ sí ibòmíràn. Dókítà ní, "Bàbá, bí ẹ bá gbé e gba ojú ọ̀nà oníkòtò yẹn báyìí, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò débẹ̀ láàyè." Ọkọ ní òun yóò gbé e náà ni.

Ó sáré lọ sílé lọ mú aṣọ. Àbúrò rẹ̀ kan ti wá láti ìlú ńlá láti máa bá a bójú tó ọgbà ìgbín. Àsìkò ọyẹ́ ni. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ìgbín á wọnú ìkarahun lọ, á fi nǹkan funfun dí ẹnu rẹ̀, á sì wà bẹ́ẹ̀ títí òjò yóò fi rọ̀. Àbúrò kò mọ èyí. Ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá ṣí lónìí á tiraka dí ara rẹ̀ padà, òun á tún ṣí i lọ́la. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbẹ.

"Kí lò ń ṣe yìí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo kàn ń wò ó bóyá wọ́n ṣì wà láàyè ni."

"Wọ́n wà láàyè kí o tó ṣí wọn. Wíwò tí ò ń wò wọ́n yìí ló ń pa wọ́n."

Ó gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ìtìjú mú un, ó sì sunkún níwájú àbúrò rẹ̀.

Nígbà tí ó padà, ó ní kí awakọ̀ máa lọ. Ó bi nọ́ọ̀sì pé iṣẹ́ wo ló kù tí òun lè ṣe. Wọ́n kọ́ ọ bí a ti ń fi omi pa ètè aláìsàn, àti bí a ti ń yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí ara rẹ̀ má baà dégbò. Ara ọkọ kò balẹ̀ síbẹ̀, n kò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ní kí ó fọwọ́ sí nìkan ló ń fọwọ́ sí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, oorun gbé e lọ lórí àga. Nígbà tí ó jí, ìyàwó rẹ̀ ló rí tó ń wò ó. Obìnrin náà kò tíì mọ orúkọ ọkọ rẹ̀. Ìyẹn tún gbà wọ́n ní oṣù méjì.

Ìyá Abíọ́nà, mo rí mọ́tò tí o ní kó dúró dè ọ́ ní géètì láti gbé ọkọ rẹ kúrò ní ọsibítù yìí. N kò ní sọ pé kí o ní sùúrù. Gbogbo ẹni tó wá kí ọ ló ti sọ ọ́, ó sì ti sú ọ. Máa bẹ̀rù, kò sẹ́ni tó lè ní kí o má bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n má ṣe fi ara ọkọ rẹ wo ẹ̀rù rẹ sàn. Bóyá yóò jí, bóyá kò ní jí, èmi kò mọ̀, ìwọ náà kò mọ̀. Bí ó bá jí, jẹ́ kí ó bá ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kì í ṣe lójú títì.

Dìde, lọ sọ fún awakọ̀ yẹn kí ó máa lọ. Èmi á jókòó ti ọkọ rẹ títí o ó fi dé.