Àjàgbé Fi Epo Du Ojú Rẹ̀

Ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Òkè-Ìyeyè, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Àjàgbé. Akọpẹ ni. Kò sí ọ̀pẹ tó ga jù fún un, epo tí òun àti ìyá rẹ̀ sì ń ṣe, àwọn ará ìlú mìíràn ń wá rà á. Ó ti fẹ́ Àwẹ̀ró sọ́nà, ọmọbìnrin kan tí ilé wọn wà ní òdìkejì odò. Ìfẹ́ náà wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Àwẹ̀ró, Àjàgbé á gbàgbé ohun tó ń wí.

Ó jẹ́ àṣà ìlú náà pé kí ọkọ ìyàwó gbé ìkòkò epo kan fún àwọn àna rẹ̀. Ìkòkò kan ṣoṣo tó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìfẹ́ ń pa kì í mọ ìwọ̀n. Àjàgbé búra pé ojúlé kọ̀ọ̀kan nílé àna òun ni yóò gba ìkòkò tirẹ̀, àti pé títí di ọjọ́ tí òun yóò gbé Àwẹ̀ró wọlé, ẹnu òun kò ní kan epo òun. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà.

"Àjàgbé, ẹ̀fọ́ kún ẹ̀yìnkùlé. Jẹ́ kí n sè é fún ọ."

"Ìyá mi, ṣé ẹ ó fi epo sí i?"

"Kí ni kí n wá fi sè é? Omi ojú mi?"

"Ẹ fi sílẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀fọ́ tí kò lépo, ewúrẹ́ ló ń jẹ ẹ́."

Bí ó ṣe pàdánù ẹ̀fọ́ mọ́ epo nìyẹn. Iṣu sísun àti iyọ̀, ẹ̀kọ tútù àti omi, ohun tó ń jẹ nìyí látìgbà òjò títí ẹ̀ẹ̀rùn fi dé, títí òjò mìíràn tún fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń fi epo wẹ ọwọ́ lójoojúmọ́ wá ń gbé iṣu funfun mì bí àlejò tí kò lárá nílùú.

Nígbà tó yá, Àjàgbé bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ilẹ̀ ń tètè ṣú. Kò sọ pé ojú òun ló ń ṣe nǹkan o, ilẹ̀ ló ń bá wí. A máa mi orí, a ní, "Ayé ti yí padà, oòrùn kò dúró mọ́." Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì wà lórí ọ̀pẹ, òun á ti palẹ̀ mọ́ lọ sílé, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò sì ní kúrò níbẹ̀ mọ́ àfi bí ìyá rẹ̀ bá fà á wọlé jẹun. Àwọn ènìyàn wá ń yìn ín. Bàbá Àwẹ̀ró fọ́nnu láwùjọ pé Ọlọ́run ló fún òun ní àna tí kì í rìn kiri lálẹ́. Àìríran ni wọ́n ń pè ní ìwà! Àwẹ̀ró pàápàá, bó bá juwọ́ sí i láti òdìkejì odò nírọ̀lẹ́ tí Àjàgbé kò juwọ́ padà, á rẹ́rìn-ín, á ní ojú ló ń ti ọkọ òun.

Àṣà mìíràn tún wà ní Òkè-Ìyeyè tí Àjàgbé kò fẹ́ràn rárá. Lọ́dọọdún, kí àsìkò ìgbéyàwó tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo ìlú a máa lọ jókòó lórí ẹní Yéyé Ẹfúnbọ̀wálé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá àgbà yìí ló mọ̀ nípa ìtọ́jú ara jù nílùú. Kì í dúró dìgbà tí àìsàn bá dé. Ẹni tí ara rẹ̀ le gan-an ló máa ń fẹ́ rí. Ẹni tí kò bá jókòó lórí ẹní náà kò lè gbéyàwó lọ́dún yẹn, nítorí pé ní ọjọ́ ìgbéyàwó, ọkọ ni yóò pọn ìyàwó rẹ̀ gba orí afárá onígi kan kọjá odò olókùúta náà, ní ìrọ̀lẹ́ tí ilẹ̀ bá ń ṣú.

"Kí ni n óò lọ ṣe níbẹ̀?" ni Àjàgbé ń kùn. "Ẹni tó ń gun ọ̀pẹ ló ń ṣàìsàn?"

Síbẹ̀ ó lọ, nítorí Àwẹ̀ró. Yéyé wo ahọ́n rẹ̀, ó tẹ èékánná rẹ̀, ó wá fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sísàlẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ojú náà gbẹ, ohun funfun kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyinjú náà bí ìfófòó ọṣẹ.

"Padà wá nírọ̀lẹ́," ni Yéyé wí.

"Nírọ̀lẹ́ kẹ̀, Yéyé? Ilẹ̀ á mà ti ṣú."

"Ilẹ̀ á ti ṣú fún ta ni?"

Nírọ̀lẹ́, èrò pé sí abẹ́ igi ìyeyè ńlá tó wà láàárín ìlú. Àwẹ̀ró àti bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀. Yéyé mú igi gígùn kan tó mú lẹ́nu, ó fi òwú wé ṣóńṣó rẹ̀, ó nà án síwájú ní ọ̀gangan ojú ènìyàn. Ó ní kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin máa rìn bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí kálukú dúró níbi tó bá ti rí igi náà. Gbogbo wọn ló dúró lókèèrè. Ó wá kan Àjàgbé. Ó ń bọ̀, ó gbé àyà síwájú, ó ń rìn bí ọmọ ọba. Ó kọjá ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró sí, àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ó ń fi ìgboyà ṣeré ni. Kò dúró. Ó rìn títí òwú ẹnu igi náà fi kàn án ní ìpéǹpéjú.

"Ta ló fọwọ́ kàn mí lójú?" ni Àjàgbé kígbe.

Àwẹ̀ró ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Kò rí i! Kò rí i rárá!"

Bàbá rẹ̀ bọ́ síwájú. "Mo gba ọmọ mi padà! Ẹni tí kò rí igi tó wà níwájú ojú rẹ̀, ṣé òun ni yóò pọn Àwẹ̀ró gba orí afárá?"

Àjàgbé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ọjọ́ náà ni ó tó mọ̀ pé kì í ṣe ilẹ̀ ló ń tètè ṣú.

"Bàbá Àwẹ̀ró, ẹ fara balẹ̀," ni Yéyé wí. "Ojú yìí kò fọ́. Ebi ló ń pa á. Àjàgbé, ìgbà wo lo jẹ epo kẹ́yìn?"

"Ẹ bá mi bi í o!" ni ìyá Àjàgbé ké, ó sì tú gbogbo àṣírí ìbúra náà síta.

Yéyé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọmọ akọpẹ, tí ojú rẹ̀ ń tọrọ epo!" Àwọn dókítà ayé òde òní ní orúkọ fún ohun tó wọ́n lára Àjàgbé, fítámì A ni wọ́n ń pè é. Yéyé kò mọ orúkọ náà. Ohun tó mọ̀ ni pé ojú ń jẹ epo, ó ń jẹ ẹ̀fọ́, ó sì ń jẹ ẹ̀dọ̀ ẹran, àti pé bí ebi náà bá pẹ́ jù, apá kò ní ká a mọ́. Ó ní ti Àjàgbé kò tíì pẹ́ jù.

"Mo ti búra, Yéyé," ni Àjàgbé wí. "Mi ò lè jẹ epo mi."

Àwẹ̀ró gba ilé lọ, ó wọnú yàrá tí bàbá rẹ̀ kó àwọn ìkòkò epo tí Àjàgbé ti gbé wá sí, ó gbé ọ̀kan rù, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ búra pé ẹ ò ní jẹ epo yín," ni ó wí. "Ẹ ti fi èyí fẹ́ mi. Epo tèmi ni. Mo sì fẹ́ kí ẹ jẹ ẹ́."

Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni Àjàgbé ti ń jẹ ẹ̀fọ́ tí epo ń ṣàn lórí rẹ̀, Yéyé sì ń fi ẹ̀dọ̀ ewúrẹ́ ránṣẹ́ sí i. Bàbá Àwẹ̀ró ń wo ìkòkò rẹ̀ bó ti ń fà, ó ń kùn pé àna òun fẹ́ jẹ ẹ̀bùn òun tán. Ó ní bó bá di ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó tí ojú náà kò là, kí kálukú máa lọ, àti pé òun fúnra òun ni yóò di igi náà mú.

Ní ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó, ìrọ̀lẹ́ ìdánwò náà dé, gbogbo ìlú sì tún pé sí abẹ́ igi ìyeyè. Bàbá Àwẹ̀ró na igi. Àjàgbé gbé ẹsẹ̀ kan péré, ó dúró gbagidi, ó pariwo:

"Igi gogoro, má gùn mí lójú o!"

"Níbo lo ti ń wò ó?" ni Yéyé bi í.

"Òkèèrè ni, Yéyé! Òkèèrè ni mo ti ń wò ó! Mo tún rí i pé Bàbá kò fi òwú sí i!"

Gbogbo ìlú bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Àwẹ̀ró wo ẹnu igi náà, ó yára fi í sẹ́yìn, ó ní òun gbàgbé ni. Inú Àwẹ̀ró dùn dé ibi pé ó fò mọ́ Yéyé lọ́rùn.

Ní ọjọ́ ìgbéyàwó, Àjàgbé pọn ìyàwó rẹ̀ gba orí afárá bí ilẹ̀ ti ń ṣú. Nígbà tí wọ́n dé àárín odò, Àwẹ̀ró rọra bi í létí pé, "Ṣé ẹ ń ríran dáadáa?"

"Mo ń rí bàbá rẹ lẹ́bàá odò lọ́hùn-ún," ni Àjàgbé dáhùn. "Ó ń sunkún, ó sì ń ṣe bí ẹni pé kòkòrò ló kó sí òun lójú."

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí Yéyé tẹ́ ẹní rẹ̀, Àjàgbé ti wà níbẹ̀ ṣáájú gbogbo ìlú, ó ti la ojú sílẹ̀ dè é. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní ara òun le, kí ni òun fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò fún, ńṣe ni àwọn àgbà máa ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n á sì pa á lówe fún un pé: igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.