Tíkẹ́ẹ̀tì Agboolé

Olóyè Ajíṣafẹ́, tó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Òkè-Ọdán, fowó lé tíkẹ́ẹ̀tì títí pápá fi dá páropáro. Ó wá pe Fadérera tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Bí pápá yìí ò bá kún ní Sátidé, màá tà á fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé sí i, o ò sì gbọdọ̀ dín kọ́bọ̀ nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì." Fadérera ní, "Mo gbọ́, Bàbá." Ó gbéra, ó ń ti agboolé kan bọ́ sí òmíràn, ó ń sọ fún wọn pé Olóyè fẹ́ rí gbogbo ìlú ní pápá, kí agboolé kọ̀ọ̀kan dáwó jọ ra tíkẹ́ẹ̀tì kan, kí gbogbo wọn fi wọlé. Nígbà tó di Sátidé, àwọn ìyá arúgbó pàápàá gbé àpótí ìjókòó wá, pápá kún fọ́fọ́. Olóyè fi ìbínú dé ẹnu ọ̀nà. "Ṣé mi ò ní kí o má dín owó ni?" "Mi ò dín kọ́bọ̀, Bàbá. Ẹ ò kàn sọ iye ènìyàn tí tíkẹ́ẹ̀tì kan ń mú wọlé ni." Kó tó fèsì, gbogbo èrò ti dìde, wọ́n ń dúpẹ́ oore lọ́wọ́ rẹ̀. Olóyè ṣí fìlà, ó juwọ́ sí wọn, kò sì sẹ́ni tó tún gbọ́ ọ̀rọ̀ pápá títà lẹ́nu rẹ̀ mọ́.