Afárá Tí Ìyá Gómìnà Bẹ̀bẹ̀ Fún

Ní gbogbo ìgbà tí Fọlárìn fi ṣe gómìnà, ìyá rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ kó ṣe afárá sódò abúlé wọn.

“Ẹ ní sùúrù, Màmá,” ló ń wí, títí wọ́n fi sọ ọ́ di aṣojú ìjọba lókè òkun.

Ikú ìyá ló gbé e wálé. Ọkọ̀ tó gbé pósí kò lè kọjá odò. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ gbé e wọ omi, bàbá kan dá wọn dúró: “Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.”

Fọlárìn bọ́ bàtà, òun àti awakọ̀ rẹ̀ gbé pósí wọ odò. Ìyá yìí ló máa ń pọ̀n ọ́n kọjá odò náà lọ síléèwé nígbà èwe. “Dì mọ́ mi dáadáa,” ni ìyá máa ń wí.

Omi mù ún dé àyà.

“Màmá,” ló wí tẹkúntẹkún, “ẹ dì mọ́ mi o.”