Koríko Tí Àparò Fi Bo Ọmọ

Àlọ́ o! Ẹ̀yin ọmọ, ẹ dáhùn: Ààlọ̀! Àlọ́ mi fò fìrì, ó bà lé Àparò, abiyamọ tí àyà rẹ̀ kì í balẹ̀.

Ọyẹ́ dé, iná ń jó igbó bọ̀. Gbogbo ẹranko ń ro àyíká ilé wọn kí iná má bàa rí ohun jó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Àparò kó koríko gbígbẹ tí wọ́n ro dànù, ó fi bo ọmọ rẹ̀ nítorí òtútù.

Nígbà tí èéfín dé, Òkété aládùúgbò rẹ̀ kọrin:

"Àparò, kó ọmọ wá o!"
Ẹ gbè é: "Iná ń bọ̀!"
"Ihò mi gbà yín o!"
"Iná ń bọ̀!"

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ihò ni ìtẹ́ Àparò gbiná.

Òkété bi í pé: "Ìyá ọmọ, ṣé òtútù ti lọ?"

Àparò rẹ́rìn-ín. "Bàbá Òkété, ẹ wo abiyamọ! Mo to ohun ìdáná lé ọmọ lórí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ejò kì í wá síbí?"

Bí mo bá parọ́, kí ọyẹ́ la ètè mi.