Odó Mẹ́wàá tí Òkété Gbẹ́

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Mo ní àlọ́ o!

Àlọ̀ ọ̀!

Ẹ̀ẹ́n, ìyẹn dáa. Adétóún, gbé ẹsẹ̀ ẹ kúrò létí iná. Ẹ̀yin àgbà náà, ẹ yé sọ̀rọ̀. Àlọ́ mi dá lórí Òkété àti odó mẹ́wàá. Ẹ̀rín ò pọ̀ nínú ẹ̀, mo ti sọ fún yín o.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí àwọn ẹranko ń dáná bíi tiwa, iná ìgbẹ́ wọ ìlú wọn. Kò pa ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kò fi ilé ìdáná kan sílẹ̀. Odó jóná. Ọmọ odó jóná. Ọpọ́n, orógùn, gbogbo ẹ̀ di eérú. Iṣu tuntun sì ti jáde lóko. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ gúnyán? Ṣé nínú àtẹ́lẹwọ́ ni?

Agbẹ́gi méjì ló wà nílùú náà. Àkókó ni ọ̀kan. Á fi ẹnu gbá igi, kó, kó, kó, á dẹtí sí i, á sì mọ̀ bóyá ó dáa. Igi apá ló fi ń gbẹ́ odó. Apá le, ọ̀nà ẹ̀ sì jìn. Tó bá gé e tán, á gbé e síbòòji kó gbẹ, kó má baà là. Ó ní kí wọ́n fún òun ní oṣù méjì.

"Oṣù méjì kẹ̀!" Àgbọ̀nrín pariwo. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́fà ni. "Kí n máa fi kí ni bọ́ wọn títí dìgbà yẹn?"

Ni Òkété, agbẹ́gi kejì, bá rẹ́rìn-ín. Eyín rẹ̀ ló fi ń gbẹ́gi. "Ẹ̀yin ìyá mi, ọjọ́ méje péré. Ogún iṣu ni odó kan."

Mẹ́wàá nínú àwọn ìyá gbà lójú ẹsẹ̀.

Ẹ wá wo ìkà o! Igi kan wà lẹ́yìn ilé Òkété. Ó pọ́n bí apá, ṣùgbọ́n kò le. Ẹnikẹ́ni kì í gé e, torí májèlé ni. Tí wọ́n bá gún èèpo rẹ̀ da sódò, gbogbo ẹja á kú, wọn á léfòó. Òkété mọ̀. Igi yẹn náà ló gé. Odó mẹ́wàá ló gbẹ́ nínú ẹ̀, pẹ̀lú ọmọ odó wọn. Lẹ́yìn náà ló wá fi ìtì apá kékeré kan gbẹ́ ẹyọ odó kan ṣoṣo sí i. Ó fi epo pupa pa gbogbo wọn, wọ́n ń dán, èèyàn ò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Kí ló fẹ́ fi ẹyọ kan yẹn ṣe? Agbẹ́dó ni bàbá tó bí mi, ẹ jẹ́ n sọ fún yín. Ẹni tó gbẹ́ odó ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ iyán inú ẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, kí olódó tó gbé e lọ. Ṣé ó ti yé yín báyìí?

Àkókó ń kọjá lẹ́yìn ilé, ó rí kùkùté igi náà.

"Òkété, kí lo fi igi yìí ṣe?"

"Igi ìdáná ni."

"Èéfín ẹ̀ gan-an ò dáa o."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ sebẹ̀ fún mi ni? Máa lọ jàre."

Nígbà tó di ọjọ́ keje, Òkété gbé odó apá sórí, ó ń lọ sí gbàgede ìlú. Ó pe Àsàbí, ìyàwó rẹ̀. "O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àwọn odó tó kù o. Wọ́n ti lólówó." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Odó tilé Òkété náà ti jóná, kò sì gbẹ́ òmíràn fún ìyàwó rẹ̀. Iṣu sísun ni wọ́n ń jẹ láti ọjọ́ yẹn. Ọmọ mẹ́ta ni Àsàbí bí. Àwọn ọmọ dìrọ̀ mọ́ ìyá wọn: "Ìyá, gbogbo ìlú ló fẹ́ jẹyán lónìí. Àwa ńkọ́?"

Àánú ṣe Àsàbí. "Ahun ni bàbá yín jàre. Ẹ jẹ́ kí n gún díẹ̀. Màá fọ odó ẹ̀, kò ní mọ̀." Ó gbé ọ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gún un. Ẹ bá mi gbè é:

Ọmọ mi á yó o,
Gbì!
Iyán tuntun dé o,
Gbì!

Ní gbàgede, Òkété jẹyán lójú gbogbo wọn, ó lá ọwọ́. "Igi kan náà ni gbogbo odó yẹn. Ẹ wá gbé tiyín nílé." Ebi ń pa wọ́n, wọ́n gbà á gbọ́. Wọ́n ru iṣu tẹ̀ lé e.

Àsàbí pàdé ọkọ ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Má bínú o, mo fi odó kan gúnyán. Wọ́n ní ó dùn! Àwọn ọmọ ti yó, wọ́n ti sùn. Mi ò tíì jẹ tèmi, ìwọ ni mò ń retí."

Òkété sáré wọlé. Ó fọwọ́ kan àkọ́bí, ó tutù. Ó fọwọ́ kan èkejì. Ó gbé àbígbẹ̀yìn, ọrùn rẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò ké. Ó ń gbọ́ ohùn Àgbọ̀nrín níta: "Ẹ bá mi gbé e rù o, àwọn ọmọ mi ń dúró dè mí." Ó pa ẹnu mọ́. Torí iṣu! Ẹ gbọ́ mi ṣá, ó pa ẹnu mọ́!

"Ṣé o ò jẹun ni?" Àsàbí bu òkèlè. "Èmi á jẹ o, ebi ń pa mí."

Òkété gbá a dànù lọ́wọ́ ẹ̀. "Má jẹ ẹ́! Májèlé ni!"

Wọ́n gbọ́ ọ níta. Àgbọ̀nrín ju odó sílẹ̀. Àsàbí wo ọkọ ẹ̀, ó wo àwọn ọmọ lórí ẹní.

"O mọ̀?"

Òkété kúnlẹ̀ ti àwọn ọmọ.

"O mọ̀."

Àsàbí di ẹrù ẹ̀, ó gba ilé ìyá ẹ̀ lọ. Àwọn ará ìlú dáná sun odó mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, wọ́n ru iṣu wọn padà. Kò sẹ́ni tó bá Òkété gbẹ́ sàréè. Òun nìkan ló fi èékánná gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Títí dòní, ẹ lọ wò ó lóko, ilẹ̀ náà ló ṣì ń wa.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ń tajà náà: ohun tó o mọ̀ pé ọmọ tìẹ ò gbọdọ̀ jẹ, má gbé e fún ọmọ ẹlòmíì. Mo ti sọ tèmi. Ẹ dìde, ẹ lọ sùn.