Ẹni Tó Wà Nínú Táńkì Kẹtàdínlógún

Ní ilẹ̀ Sófíẹ̀tì, tí àwa níbí ń pè ní Rọ́ṣíà, ọkùnrin kan wà tó fi táńkì ja ogun Hítílà, ìyẹn ọkọ̀ ogun onírin tó ń fi ẹ̀wọ̀n rìn dípò táyà. Nígbà tí ogun ti parí tó ogún ọdún, àwọn tó kù nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀ pàdé, wọ́n ní ó yẹ kí wọ́n kọ ìtàn ẹgbẹ́ náà sínú ìwé kí gbogbo wọn tó kú tán. Òun ni wọ́n fà kalẹ̀. Olùkọ́ ni, ó sì mọ̀wé kọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òun ni akọni wọn. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé òun ló kọ́kọ́ gun afárá odò lọ́jọ́ tí ogun gbóná janjan.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé ọ, ó yẹ kí n sọ àṣà àwọn onítáńkì fún ọ. Ènìyàn mẹ́rin ló ń wà nínú ọkọ̀ kan, ọ̀kan nínú wọn ni olórí. Ọkọ̀ mẹ́ta ló wà lábẹ́ ọ̀gá kan, ọ̀gá náà sì ní tirẹ̀ tó ń gùn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ti ọ̀gá bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, kò ní dúró de mẹkáníìkì. Yóò lọ sídìí ọ̀kan nínú méjì yòókù tó ṣì ń rìn, yóò gbá ìdérí rẹ̀, olórí ọkọ̀ náà á sọ̀kalẹ̀ fún un, ogun á sì máa lọ. Ẹnikẹ́ni kì í bínú sí i. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ogun kì í mọ̀ nípa ìyẹn. Òkèèrè ló wà, tó ń wo nọ́ńbà tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ sára ọkọ̀. Nọ́ńbà ló ń kọ sílẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, yóò yẹ ìwé wò láti mọ ẹni tó ni nọ́ńbà.

Ọkùnrin yìí ló ni táńkì kẹtàdínlógún. Ìwé ogun sì sọ ọ́ gbangba pé táńkì kẹtàdínlógún ló kọ́kọ́ gun afárá, pé ó dá àwọn ọ̀tá dúró títí àwọn yòókù fi dé, pé lẹ́yìn náà ó jóná, olórí rẹ̀ nìkan ló yè. Ìwé kan náà ní wọ́n bá táńkì kẹwàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ti bàjẹ́, wọn kò sì rí ọ̀gá tó ń gùn ún. Lukíyánì ni orúkọ ọ̀gá náà, abẹ́ rẹ̀ ni táńkì kẹtàdínlógún sì wà. Ní ilẹ̀ yẹn nígbà náà, ẹni tí a kò rí, tí a kò sì rí òkú rẹ̀, àwọn aládùúgbò kì í bá ìyàwó rẹ̀ ṣọ̀fọ̀. Wọ́n á máa fojú burúkú wò ó. Wọ́n á ní ọkọ rẹ̀ ti sá lọ bá ọ̀tá.

Olùkọ́ jókòó ti ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ. Ó kọ nípa yìnyín, ó kọ nípa ebi, ó kọ nípa bí wọ́n ṣe ń dáná sábẹ́ ẹ́ńjìnnì láàárọ̀ kó tó lè dún. Nígbà tó dé ibi afárá, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ti sọ ìtàn yẹn fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ju ìgbà ọgọ́rùn-ún lọ. Ó mọ òórùn pákó tó ń jó lórí odò. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún ń yọ sí i lójú: òun jókòó létí kòtò pẹ̀lú àwọn ọmọ táńkì kẹwàá, wọ́n ń jẹ ọ̀dùnkún tútù, èéfín ń rú lókèèrè níbi tí odò wà. Báwo ni ènìyàn ṣe ń wà lórí afárá, tí yóò tún máa jẹ ọ̀dùnkún létí kòtò lọ́jọ́ kan náà?

O ti ń sọ ọ́ nínú ara rẹ pé òpùrọ́ ni. Má yára. Mo mọ òwe tó wà lẹ́nu rẹ nípa irọ́ àti ogún ọdún, jọ̀ọ́, gbé e mì. Ọkùnrin yìí kò jókòó gbèrò láti purọ́ rí. Ní ọjọ́ kejì tó fi ẹsẹ̀ rìn dé odò, ebi ti lù ú bolẹ̀, bọ́ǹbù ti di í létí, àwọn ènìyàn sì dì mọ́ ọn, wọ́n ń sunkún ayọ̀ pé ẹnì kan yè nínú kẹtàdínlógún. Ó la ẹnu, akọ̀wé ti kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Wọ́n ti gbé táńkì kẹwàá àtàwọn ọmọ inú rẹ̀ lọ sẹ́yìn fún àtúnṣe, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó padà wá. Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ ọ láyà. Ó ní òun á sọ ọ́ bó bá yá. Bó-bá-yá di ogún ọdún. Ìtàn tí ènìyàn bá sì ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́, ojú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí rí i.

Ó kọ lẹ́tà sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n rán òun létí. Gbogbo wọn fèsì pé àwọn rí i lórí afárá. Ẹnì kan tilẹ̀ ní ó juwọ́ sí òun. Èyí túbọ̀ da orí rẹ̀ rú, nítorí ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí ni ará inú táńkì fi ń wo ìta. Nọ́ńbà ni wọ́n rí. Àbí òun gan-an ni wọ́n rí? Ó dé iwájú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, ó gbàgbé ohun tó fẹ́ kọ́ wọn. Ìyàwó rẹ̀ bi í ohun tó ń ṣe é, ó ní òun kò mọ̀. Òótọ́ ló sọ.

Inú ìdàrúdàpọ̀ yìí ló wà tí ìyàwó Lukíyánì fi wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ọjọ́ méjì ló fi wọ ọkọ̀ ojú irin. Kò sunkún, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ó ní ọmọbìnrin òun fẹ́ lọ sílé ọkọ, àwọn àna sì ń béèrè irú ènìyàn tí bàbá rẹ̀ jẹ́. Bí orúkọ ọkọ òun kò bá wọ inú ìwé tí wọ́n ń kọ, òun kò ní jà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni òun fẹ́ gbọ́ kí òun tó padà.

"Ẹ̀yin lẹ wà lábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà," ó wí. "Ṣé ó sá?"

"Kò sá."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Olùkọ́ fẹ́ sọ pé akọni ni Lukíyánì, ó sì mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn. Ohun tó mú kó dá a lójú ni pé ọ̀gá náà wá gbá ìdérí táńkì òun, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí òun sọ̀kalẹ̀ lọ jẹun, òun yóò dá ọkọ̀ padà ní ìrọ̀lẹ́. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí bí òun ṣe lè wà lórí afárá. Bí òun bá sì wà lórí afárá, kò sí ẹni tó lè bá obìnrin yìí sọ pé ọkọ rẹ̀ kò sá. Ó gbọ́dọ̀ ju ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ojú sì tì í gidigidi.

"Èmi ni mo sọ̀kalẹ̀ fún un," ó wí. "Ọkọ yín ló wà nínú kẹtàdínlógún. Ọ̀dùnkún ni mo ń jẹ."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ó fi àmì ẹ̀yẹ náà lé e, obìnrin náà sì kó méjèèjì lọ. Inú bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn kan ní ogbó ti ń ṣe é. Ẹni tó ní ó juwọ́ sí òun kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú, ó sì búra pé ohun tí òun rí lòun rí.

Akọ̀wé ìjọ, mo ti ka ìwé ìtàn àádọ́ta ọdún ìjọ wa tí o ní kí n bá ọ yẹ̀ wò. Ó dùn, o mọ̀ ọ́n kọ. Ní ojú ewé kẹsàn-án, o kọ ọ́ pé ìwọ lo kó páànù ilé ìsìn wa la odò kọjá lọ́dún tí omi kún. Mi ò ní o purọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù rẹ ni, orúkọ rẹ ló wà níwájú rẹ̀, gbogbo wa la rí i tó ń bọ̀ nínú omi tí a sì pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ibà dá ọ dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìyàwó mi ló gbé àgbo wá fún ọ. Dírẹ́bà rẹ ló wà á, ó sì ti di olóògbé. Ìyá rẹ̀ ló máa ń jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn. Màmá kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n etí wọn ṣì dá ṣáká, ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ la ó sì ka ìwé rẹ sókè.