Ìbọn Mi Tí Ọta Rẹ̀ Ń Bọ́ sí Oko Olóko

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má fi ojú ọlọ́gbọ́n wò mí, nítorí èmi Ọdẹ́rìnlọ kò mọ nǹkan kan. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé mo ti pa ẹfọ̀n mọ́kànlélógún, mo ti bá ìwin tí ó ń fi etí jẹun jókòó jẹ iṣu, mo sì ti bá àwọn àgbààgbà ìlú wa ṣe ìpàdé pẹ́ tó láti mọ̀ pé ẹni tí ó ń mi orí jù láàárín wọn ni oorun ń kùn jù. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nba wọ̀nyí, òpè ni mí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sùúrù gbọ́ ìtàn òpè.

Mo ní ìbọn òyìnbó kan tí mo jogún lọ́dọ̀ bàbá mi, irú èyí tí a ń fa irin ẹ̀yìn rẹ̀ kí ọta tó wọlé. Ó ti yìn tó bẹ́ẹ̀ tí inú ọ̀pá rẹ̀ fi jẹ bí eyín arúgbó, ni mo bá gbé e lọ fún Ògúnsẹ̀yẹ alágbẹ̀dẹ pé kí ó bá mi fi ọ̀pá tuntun sí i. Ọkùnrin yìí kì í sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá kí i ní òwúrọ̀, ó lè di ìrọ̀lẹ́ kí ó tó dáhùn. Ọjọ́ méjìdínlógún ni ó fi ṣe iṣẹ́ náà, nígbà tí ó sì parí, ó yìn ín níṣojú mi lẹ́yìn ilé àgbẹ̀dẹ rẹ̀, ọta mẹ́ta sì wọ inú èèpo àgbọn kan ṣoṣo. Inú mi dùn, mo gbé e lọ sílé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé lójú àwa ọdẹ, ìbọn tí kò ní ońdè lára dà bí ìyàwó tí kò ní ìlẹ̀kẹ̀. Ońdè mẹ́rìnlá ni mo ní: ọ̀kan kí ejò má bù mí jẹ, ọ̀kan kí n má ṣìnà, ọ̀kan kí ẹran má gbóòórùn mi, títí dé orí ọ̀kan tí mo ti gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ̀rù ń bà mí láti jù nù. Mo ki gbogbo wọn bọ àárín ọ̀pá náà àti igi tí ó gbé e dúró, mo sì fi awọ ewúrẹ́ tútù dì wọ́n pọ̀. Awọ náà gbẹ, ó le, ó sì fún ọ̀pá náà lọ́rùn bí olè tí ọwọ́ tẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni wàhálà ti dé. Bí ẹran bá wà nítòsí, ìbọn mi a pa á. Ṣùgbọ́n bí ó bá jìnnà, ọta kìíní a gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, èkejì a ya sí ọwọ́ ọ̀tún, ẹ̀kẹta a sì bọ́ sí oko olóko. Mo fọ́ akèrègbè mọ́ Lágbayì adẹ́mu lọ́wọ́ lórí ọ̀pẹ, ó sì bú mi láti orí ọ̀pẹ náà títí ó fi sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí ó yá, bí mo bá gbé ìbọn sókè, àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ mi a ní, "Ọdẹ́rìnlọ, níbo lẹ fẹ́ yìn sí? Ẹ fi hàn wá kí á lọ dúró síbẹ̀, ibẹ̀ ló láàbò."

Ẹni tí a bá gbé ìtìjú lé lórí kì í pẹ́ wá ẹni tí yóò bá a rù ú. Ní ìpàdé àwọn ọdẹ, mo dìde, mo ní ọ̀pá wíwọ́ ni Ògúnsẹ̀yẹ fún mi. Wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ó wo ìbọn náà, ó wo ojú mi, ó ní, "Bàbá Ọdẹ, ọ̀pá yẹn tọ́." Ó tán síbẹ̀.

Olúọ́dẹ wa wá dá ẹjọ́. Ó ní, "Ọdẹ́rìnlọ, o ti fẹ̀sùn kan alágbẹ̀dẹ níwájú Ògún, ọ̀rọ̀ kì í sì í ṣeré níbẹ̀. Gbé ìbọn náà lọ sí Igbó Olójúmẹ́fà. Bí o kò bá mú ìrù ẹfọ̀n bọ̀ ní ọjọ́ keje, a ó gbà pé ọ̀pá wọ́, Ògúnsẹ̀yẹ yóò sì gbé ọmọ owú rẹ̀ kalẹ̀. Kò ní rọ irin mọ́ ní ìlú yìí."

Fọ́yẹkẹ́ ìyàwó Ògúnsẹ̀yẹ dúró lẹ́yìn ọgbà, ó pọn ọmọ. Kò bú mi. Ì bá sàn kí ó bú mi.

Bí mo ṣe dé ẹnubodè igbó náà, mo bá ìwin kan tí ojú rẹ̀ méjèèjì wà ní orúnkún, tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá kúnlẹ̀ kí àgbà, kì í rí ẹni tí ó ń kí. Ó ní, "Ọdẹ́rìnlọ, ìwọ nìyẹn? Wọlé, wọlé. Láti ìgbà tí o ti gba ọ̀pá tuntun ni àwọn ẹran wa ti ń sanra." Mo rántí ọ̀wọ̀ mi, mo kọjá.

Ọjọ́ karùn-ún, ní ọ̀sán gangan, mo rí ẹfọ̀n kan ní òdìkejì àfonífojì. Mo yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó gbé orí sókè, ó wò mí bí àna ọlọ́rọ̀ ṣe ń wo ọkọ tálákà, ó sì ń jẹ koríko rẹ̀ lọ. Ọta márùn-ún péré ló kù mí kù. Mo jókòó sórí àpáta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè.

"Ta ni o ń ṣépè fún?"

Mo bojú wẹ̀yìn. Arúgbó ìwin kan ni. Kò ga ju orúnkún mi lọ, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ gùn tó apá méjì, ó sì fẹ́lẹ́ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí iná ti rọ̀.

"Alágbẹ̀dẹ mi ni, Ìyá. Ọ̀pá wíwọ́ ló fún mi."

"O ti wò ó?"

"Kí ni mo tún fẹ́ wò? Ṣebí ẹ rí ibi tí ọta lọ."

"Mo rí ibi tí ọta lọ. N kò tí ì rí ohun tó tì í lọ síbẹ̀. Gbé e wá."

Ó fa irin ẹ̀yìn rẹ̀ yọ, ó fi ojú sí inú ọ̀pá, ó kọ ọ́ sí ojú ọ̀run. Ó ní, "Ó mọ́, ó sì tọ́." Ó gbé àwọn ọta sí àtẹ́lẹwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ó mi àwọn ìṣó tí ó de irin mọ́ igi, wọn kò mì. Ara mi ò balẹ̀, mo na ọwọ́ láti tún ìṣó fún, kí n yí ọta padà, kí n sì fi òróró sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fi ahọ́n gbá mi lọ́wọ́.

"Ẹyọ kan, ẹyọ kan. Ẹni tó lo àgúnmu mẹ́ta pọ̀, bí ara rẹ̀ bá yá, èwo ni òun yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?"

Ó wá ki ahọ́n rẹ̀ bọ àárín ọ̀pá àti igi láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu ìbọn. Ó wọlé ní ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan, ó há.

"Kí nìyí?"

"Ońdè mi ni. Ìyá, ẹ rọra, èèwọ̀ ni. Ẹlòmíràn kì í kan ońdè ọdẹ."

"Mo gbọ́. Nínú wọn, èwo ló wà fún kí ọta má lọ tààrà?"

Ẹ̀rín pa mí, bẹ́ẹ̀ inú ń bí mi. Ó ní, "Bí o bá yìn, ọ̀pá a gbọ̀n, a sì gbóná, irin tó gbóná a sì máa fẹ́ nà. Ìwọ dè é mọ́lẹ̀ bí àgbò iléyá, o tún ki ìdì bọ̀ ọ́ ní ìhà. Bó ṣe ń gbóná sí i ni ìdì rẹ ń tì í sí ọ̀tún. Nítòsí, kò ju ìbú ìka lọ. Ní ọ̀nà jíjìn, ó di oko olóko."

Èmi fúnra mi ni mo tú u, nítorí èèwọ̀. Mo kó ońdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá sínú àpò. Èyí tí kì í jẹ́ kí n ṣìnà kò sì bínú pé òun ń gun àpò. Ahọ́n ìyá náà wá gba àárín ọ̀pá àti igi kọjá láti ẹnu dé ìdí láìkan ohunkóhun. Ó ní kí n jẹ́ kí irin tutù. Nígbà tí ó tutù, mo yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí àmì funfun kan lára igi àràbà ní òdìkejì. Àtẹ́lẹwọ́ kan lè bo ojú ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹfọ̀n náà kò tilẹ̀ sá, ó ṣáà mọ ìbọn mi. Ọta kẹrin ni ó fi mọ̀ pé nǹkan ti yí padà.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní, "Ìyá, kí ni kí n mú wá fún yín?"

"Má mú nǹkan wá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lá irin, n kò lá irú èyí rí. Bá mi kí ẹni tó rọ ọ́."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. A mọ bí a ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fún wa lẹ́ran. Ẹni tó fi àṣìṣe wa hàn wá láìpariwo ńkọ́? Ọ̀tá ni a máa ń pè é. Èmi dúpẹ́ lọ́wọ́ arúgbó yẹn lójoojúmọ́, mo sì ń dúpẹ́ pé ọjọ́ méjì ṣì kù nígbà tí ó bá mi.

Ní ọjọ́ keje, mo gbé ìrù ẹfọ̀n síwájú Olúọ́dẹ, mo sì yíjú sí Ògúnsẹ̀yẹ, mo dọ̀bálẹ̀ fún un níṣojú gbogbo ẹgbẹ́, èmi tí mo fi ogún ọdún jù ú lọ. Mo ní, "Ọ̀pá rẹ tọ́. Orí mi ló wọ́." Mo jẹ́ iṣẹ́ tí ìyá náà rán mi, mo sì gbé itan ẹfọ̀n náà fún Fọ́yẹkẹ́, ó gbà á, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, díẹ̀ náà sì tó mi.

Ògúnsẹ̀yẹ fà mí dìde. Ó ní, "Bàbá Ọdẹ, mo ti rí ońdè náà lọ́jọ́ ìpàdé. Mo mọ̀ pé àwọn ló ń tì í."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Èèwọ̀ ni kí n dá sí ońdè yín. Àti pé ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì rín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó: bí ó bá tilẹ̀ sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, ẹ̀yin ènìyàn mi, ṣé ẹ rò pé ǹ bá gbọ́?